Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnì, Nígbà Tí Ó Bá Balẹ̀ Sí Oko Olóko

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nínú ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí àwọn yòókù máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí nọ́ńbà wà, ẹ dúró díẹ̀, kí gbogbo yín kà á pọ̀. Nọ́ńbà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni a mú wá. Kì í ṣe èyí tó ń hó kọjá lórí wa, tí àwọn ọmọdé máa ń juwọ́ sí. Ọkọ̀ kan ni tí kò ní ẹ́ńjìnì rárá. Kò ní epo, kò sì ní ariwo. Àwọn Faransé ń pè é ní planeur. A ó sọ bí ó ti ń fò, ìdí tí ó fi máa ń balẹ̀ sínú oko olóko, àti ohun tó máa ń fa jàǹbá nígbà náà. Lẹ́yìn náà, a ó sọ ìtàn ọkọ̀ ńlá kan tí epo tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀run. Ìtàn náà kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìwé àti ìṣirò.

BÍ Ó TI Ń FÒ

Ẹ wo àwòdì. Àwòdì kì í fi gbogbo ìgbà ju apá. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ ó rí i tí yóò na ìyẹ́ méjèèjì, tí yóò máa yí po lójú kan, síbẹ̀ tí yóò máa gòkè sí i. Kí ló ń gbé e? Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Nígbà tí oòrùn bá pa ilẹ̀, ilẹ̀ á gbóná. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà á gbóná pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tó bá sì ti gbóná, òkè ló ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sun ìgbẹ́ rí mọ èyí dáadáa. Mọ́jàlá kò ní ìyẹ́, síbẹ̀ ó ń fò láti oko dé ilé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí iná bá jó oko, mọ́jàlá á ròyìn fún ará ilé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbé mọ́jàlá, òun náà ló ń gbé àwòdì, òun náà ló sì ń gbé ọkọ̀ tí a ń sọ yìí.

Ìyẹ́ ọkọ̀ náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó mítà 15 láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ènìyàn 1 tàbí 2 péré ló ń gbà. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ní ẹ́ńjìnì lè fi okùn fà á gòkè, tàbí kí ẹ̀rọ kan tó wà nílẹ̀ máa ká okùn kíákíá, kí ó fi gbé e sókè. Bí ó bá ti gòkè tó, awakọ̀ á tú okùn sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òun àti afẹ́fẹ́ nìkan ló kù.

Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé e, ọkọ̀ náà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ síwájú. Èyí tó dára nínú àwọn ti òde òní lè lọ síwájú ní mítà 40 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ó bá wà ní mítà 1000 lókè, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ó lè rin mítà 40,000. Kìlómítà 40 nìyẹn. Ó jìnnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ó jìnnà tó, ó ní òpin. Ilẹ̀ ń dúró dè é.

ẸNI TÓ ṢÁÁJÚ

Ní Jámánì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Otto Lilienthal. Ó fara balẹ̀ wo bí ẹyẹ ti ń fò. Ó fi igi àti aṣọ ṣe ìyẹ́, ó gbé e kọ́ apá, ó ń sáré láti orí òkè, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló fò bẹ́ẹ̀, tí ó sì balẹ̀ ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1896, ìyẹ́ náà dúró lójijì nínú afẹ́fẹ́, kò lọ síwájú mọ́. Ó já láti òkè tó tó mítà 15. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún 48 ni.

Ohun tó pa Lilienthal ṣì ń pa àwọn awakọ̀ títí di òní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

KÍ LÓ Ń GBÉ E DÉ OKO OLÓKO?

Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kì í fẹ́ máa yí po lórí ibi tí wọ́n ti gbéra. Wọ́n ń rin ìrìn àjò. Wọn a gòkè níbi kan tí afẹ́fẹ́ gbígbóná wà, wọn a fi gíga náà lọ síwájú, wọn a tún wá ibòmíràn tí wọn yóò ti gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Faransé, ní Jámánì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ mìíràn, tí wọn a fi rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láàárín ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ìkùukùu lè bò ó. Ìrọ̀lẹ́ lè dé. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, afẹ́fẹ́ kò ní gòkè mọ́. Bí awakọ̀ bá jìnnà sí ibùdó rẹ̀ ní wákàtí náà, kò sí ohun tó lè ṣe ju kí ó wá oko kan balẹ̀ sí.

Ẹ gbọ́ o: pé ọkọ̀ yìí balẹ̀ sínú oko kì í ṣe jàǹbá. Wọ́n ń kọ́ ọ bí iṣẹ́. Bí ó bá balẹ̀ dáadáa, awakọ̀ á jáde, á lọ kí olóko, á sì bẹ̀ ẹ́ fún ohun ọ̀gbìn tó bá bà jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wá bá a, wọn á tú ìyẹ́ ọkọ̀ náà kúrò lára rẹ̀, wọn á dì í sórí ọmọlanke gígùn tí mọ́tò ń fà, wọn á gbé e lọ sílé.

Kí ló wá ń sọ ìbalẹ̀ yìí di jàǹbá?

OHUN TÍ AWAKỌ̀ GBỌ́DỌ̀ WÒ

Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì, bí ilẹ̀ kò bá wù ú, ó lè tún gòkè lọ wá ibòmíràn. Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní. Nítorí náà, àwọn awakọ̀ ń há ohun mẹ́fà sórí, kí wọ́n lè wò wọ́n láti òkè.

1. Afẹ́fẹ́. Wọ́n ń wo èéfín láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn dára fún ìrìn, ṣùgbọ́n kò dára fún ìbalẹ̀. Iwájú ni ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ti wá, kí ó lè bá awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró.

2. Gígùn oko. Ọkọ̀ náà lè fi ìyára kìlómítà 80 tàbí 90 ní wákàtí kan kan ilẹ̀. Kò lè dúró lójú kan náà.

3. Ìdàgẹ̀rẹ̀. Láti òkè, gbogbo ilẹ̀ ló jọ pẹrẹsẹ. Bí oko bá dàgẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ balẹ̀ sí ìhà tó ń gun òkè. Bí ó bá balẹ̀ sí ìhà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lè má dúró títí yóò fi kọlu igi tó wà nísàlẹ̀.

4. Ohun ọ̀gbìn. Oko tí wọ́n ti kórè tán ló dára jù. Oko àgbàdo tó ti ga burú. Ìyẹ́ kan á kọ́ àgbàdo kí èkejì tó kọ́ ọ. Ọkọ̀ á yí bírí, ìrù rẹ̀ á sì kán.

5. Wáyà iná. Ojú kì í rí wáyà láti òkè. Òpó ni kí awakọ̀ máa wá. Níbi tí òpó méjì bá wà, kí ó gbà pé wáyà wà láàárín wọn.

6. Ẹran ọ̀sìn. Màlúù lè sáré kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń balẹ̀. Lẹ́yìn ìbalẹ̀ pàápàá, wọn a máa wá wo ohun àjèjì náà, wọn a máa lá a, wọn a sì lè fi ìwo gún un.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ rí i pé kò sí ohun tó ṣòro í mọ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gbogbo awakọ̀ tó kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀ jàǹbá ń ṣẹlẹ̀. Kí ló dé?

ÌPINNU TÓ PẸ́ JÙ

Ìdí pàtàkì ni pé ènìyàn kì í tètè gbà pé ìrìn ti parí. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, “Bóyá n ó tún rí afẹ́fẹ́ gbígbóná lórí abúlé tó wà níwájú yẹn. Bóyá n ó délé.” Ó ń wo iwájú, kò wo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa gbà, ó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Oko tó bá bá lábẹ́ rẹ̀ ni yóò mú, bóyá ó dára, bóyá kò dára.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ohun tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yìí ń sọ nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé bí ó bá ti kù nǹkan bí mítà 600 sí ilẹ̀, kí ó ti wà lórí ibi tí oko dáadáa pọ̀ sí. Kí ó tó kan mítà 300, kí ó ti yan oko kan ṣoṣo, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìbalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó má yí ọkàn padà mọ́.

Ẹni tó bá pẹ́ jù, ìbẹ̀rù á mú un. Ìbẹ̀rù ló ń mú un ṣe ohun tó pa Lilienthal. Ìyára ni ẹ̀mí ọkọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn kọjá lára ìyẹ́ ló ń gbé e dúró. Bí awakọ̀ bá rí i pé òun kò ní dé ibi tí òun fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ gbé imú ọkọ̀ sókè. Ó jọ pé èyí á mú un pẹ́ lókè. Irọ́ ni. Bí imú bá gòkè, ìyára á dínkù. Bí ìyára bá dínkù jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ mọ́. Ìyẹ́ kan á já wálẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á sì máa pòòyì bọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lókè réré, àyè wà láti tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, kí ìyára lè padà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, àyè kò sí.

Nítorí náà, kì í ṣe oko ló ń pa awakọ̀. Ìpinnu tó pẹ́ jù ni.

ỌKỌ̀ ŃLÁ TÍ EPO TÁN NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìtàn tí a ṣèlérí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 767 kan ti ilé-iṣẹ́ Air Canada gbéra láti Montreal ní Kánádà. Ó dúró ní Ottawa, ó sì forí lé Edmonton. Èrò 61 àti òṣìṣẹ́ 8 ló wà nínú rẹ̀. Ó wà ní òkè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 12,500 nígbà tí àmì ewu bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Láìpẹ́, ẹ́ńjìnì kan kú. Lẹ́yìn rẹ̀, èkejì kú. Epo ti tán. Ọkọ̀ ńlá náà di ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì.

Báwo ni epo ṣe tán? Aago tó ń sọ iye epo kò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀pá wọn epo inú ọkọ̀ kí ó tó gbéra. Wọ́n rí i pé lítà 7,682 ló wà níbẹ̀. Ìrìn náà gba epo kílò 22,300. Ó wá ku kí wọ́n sọ lítà di kílò.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wọlé. Ní àsìkò náà, Kánádà ń fi ìwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní pọ́ùn sílẹ̀, wọ́n ń bọ́ sínú kílò. Pọ́ùn kò tó ìdajì kílò. Lítà 1 epo náà wọn nǹkan bí kílò 0.8. Bí a bá fi pọ́ùn wọ̀n ọ́n, á jẹ́ pọ́ùn 1.77. Àwọn tó ṣírò mú 1.77, wọ́n sì pè é ní kílò. Nítorí náà, wọ́n rò pé epo tó wà nílẹ̀ ju kílò 13,500 lọ, nígbà tí kò ju nǹkan bí kílò 6,100 lọ. Wọ́n fi lítà tí kò tó 5,000 kún un. Ó yẹ kí ó ju 20,000 lọ. Ọkọ̀ náà gbéra pẹ̀lú epo tí kò tó ìdajì ohun tó nílò.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Lítà 1 omi wọn kílò 1. Epo ọkọ̀ náà jọ kẹrosíìnì tí a ń rọ sí àtùpà. Ẹni tó bá da kẹrosíìnì sínú omi rí mọ̀ pé ó ń léfòó. Ohun tó bá ń léfòó lórí omi fúyẹ́ ju omi lọ. Báwo wá ni lítà 1 rẹ̀ ṣe lè wọn kílò 1.77? Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí ojú wa ń rí nínú igbá omi ì bá ti tú àṣìṣe náà fó, bí ẹnikẹ́ni bá ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Ẹ padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá awakọ̀, Robert Pearson, máa ń fi ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì ṣeré ní ọjọ́ ìsinmi. Igbákejì rẹ̀, Maurice Quintal, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ó wo gíga tí wọ́n ti pàdánù, ó wo ọ̀nà tí wọ́n ti rìn. Ó rí i pé bí wọ́n bá lọ síwájú ní mítà 12, mítà 1 ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Winnipeg ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dé. Ìṣirò náà sọ pé wọn kò ní dé ibẹ̀.

Wọn kò tan ara wọn jẹ. Wọn kò sọ pé bóyá. Quintal ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní ìlú kan tó ń jẹ́ Gimli, tó sún mọ́ wọn. Pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn ológun ti fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n yà sí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé wọ́n ti sọ apá kan pápá náà di ibi eré ìje mọ́tò, àti pé àwọn ènìyàn pẹ̀lú ọmọ àti ìyàwó kún ibẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ń bọ̀ láìsí ariwo.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, ọkọ̀ ṣì ga jù, ó sì yára jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè yí po kí wọ́n tún wá. Pearson bá lo ọgbọ́n àwọn awakọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì. Ó da ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó mú un rìn bí alákàn, kí afẹ́fẹ́ lè dá a dúró, kí ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ó tún un tò, ó sì balẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kò dúró gírígírí, imú ọkọ̀ sì ń ha ilẹ̀. Èyí gan-an ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dúró kí wọ́n tó kan àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó kú, nínú ọkọ̀ tàbí nílẹ̀. Ènìyàn 10 ló fara pa díẹ̀. Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2008.

Ìṣirò kan ló fẹ́ pa wọ́n. Ìṣirò kejì ló gbà wọ́n là.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ lè sọ pé, “Kí ló kàn wá? A kì í wa ọkọ̀ òfuurufú.” Ó kàn wá o. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀.

Èkíní: bí ẹ bá ka nọ́ńbà, ẹ ka ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà nìkan kò tó. 5 kí ni? Kílò ni tàbí àpò? Lórí ìgò oògùn ọmọdé, ṣé ṣíbí kékeré ni wọ́n kọ, tàbí ṣíbí ńlá? Lórí ìgò oògùn kòkòrò òwú, ṣé lítà ni, tàbí ìdérí ìgò? Ẹni tó bá fi ṣíbí ńlá fún ọmọ ní oògùn tí wọ́n ní kí ó fi ṣíbí kékeré fún un, ohun tó ṣe kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó pe pọ́ùn ní kílò. Níbi tí wọ́n ti ń wọn òwú tàbí èso kajú yín, ẹ fi ojú ara yín wo òṣùwọ̀n, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ohun tí wọ́n pè kò bá bá ohun tí èjìká yín gbé mu, ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín.

Èkejì: ẹ pinnu nígbà tí àyè ṣì wà. Bí ara ọmọ bá ń gbóná ní òru, tí a ń sọ pé bóyá yóò rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a dà bí awakọ̀ tó ń wo iwájú tí kò wo ilẹ̀. Ẹ ti mọ̀ kí òru tó dé ẹni tó ní alùpùpù tó lè gbé yín, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá pẹ́ kó tó gbéra, oògùn rẹ̀ kì í jẹ́ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ AKÀWÉ

1. Kí ló ń gbé àwòdì gòkè nígbà tí kò ju apá?
2. Ọkọ̀ kan wà ní mítà 500 lókè. Bí ó bá lọ síwájú ní mítà 40 ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1. Kìlómítà mélòó ni ó lè rìn?
3. Kí ló dé tí oko àgbàdo tó ga kò fi dára fún ìbalẹ̀?
4. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé lítà 1 kẹrosíìnì kò lè wọn ju kílò 1 lọ?
5. Ẹ mú ìgò oògùn kan wá láti ilé. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ẹ sì sọ ìwọ̀n tó tẹ̀lé e.